Eegun Bàbá Kò Lójú Ọgbẹ́

Ọdún mẹ́ta pé lórí bàbá mi, a lọ hú u.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Léròsì, erékùṣù wa:
ilẹ̀ kéré, òkú pọ̀,
ẹni tó bá ti sùn tó, kó dìde fún ẹlòmíràn.
Ìyá mi, Kaliróì, da wáìnì pupa sínú abọ́ irin,
ó ń fọ eegun ọkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ẹni ń ṣan ife àlejò.

Èmi dúró lápá kan, mo káwọ́ sẹ́yìn.
Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé.

Ọkọ̀ ojú omi kan wà, Efdokía lorúkọ rẹ̀,
igi páìnì ni gbogbo ìhà rẹ̀,
ọdún mẹ́rin ni bàbá fi kàn án kí n tó dáyé.
Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ó di ọwọ́ mi mú:
“Fanúrì, má tà á fún ẹni tí kò lè gbọ́ ohùn rẹ̀.”
Mo ní mo gbọ́.

Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ní ẹja ń tán lókun,
kí apẹja tó bá fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ mú ọkọ̀ rẹ̀ wá,
wọn á sanwó, wọn á sì fọ́ ọ.
Wọn kò ní kí n tà á. Mi ò tà á.
Ọgbọ́n tí mo kọ́kọ́ fi tan ara mi nìyẹn.
Gbèsè wà lọ́rùn, ọmọ mi ń lọ yunifásítì ní Pátírà.
Katakata dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan.
Eyín rẹ̀ wọ ìhà ọ̀tún,
Efdokía ké. Igi gbígbẹ ló ń ya, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n awakọ̀ náà pa ẹ́ńjìnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ mu sìgá.
Ó pẹ́ kó tó padà.
Láti èbúté, òkò ọmọdé lè balẹ̀ sí itẹ́ òkú.

Òkú kì í mọ iye tí a ra agọ̀:
mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ohun tójú ò rí kì í ba ọkàn jẹ́.
Ojú dà? Ọkàn dà?
Ta ni mo ṣẹ̀, nígbà tí kò sẹ́nìkan nílé?
Ó ń gé àlùbọ́sà. Ó ní:
“Bí o bá bà mí lórúkọ jẹ́ lẹ́yìn,
tí n kò gbọ́ títí mo fi kú,
ṣé o ò ṣẹ̀ mí ni?”
Mo ní iyọ̀ ti pọ̀ jù
nínú ọbẹ̀ tí kò tíì dórí iná.

Nítorí náà, mo ń yọ́ eegun wò.
Bóyá ìhà ọ̀tún á ti sán,
bóyá agbárí á ti yíjú sí èbúté.
Kò sí. Gbogbo rẹ̀ mọ́, ó pọ́n bí ìda oyin.
Àlùfáà ní ẹni tó sùn ire ni.
Ìyá mi ò wí nǹkan kan.
Ó kó eegun ọwọ́ ọ̀tún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọta etíkun,
ó dà wọ́n lé mi lọ́wọ́: “Ìwọ fọ ìwọ̀nyí.”

Ọwọ́ tó di òòlù mú.
Ọdún mẹ́rin, ìṣó lé ìṣó,
ó rò pé ọmọ ọmọ òun lòun ń kàn án fún.
Katakata ló ń kàn án fún, kò kàn mọ̀ ni.
Èmi ni mo padà lọ síbẹ̀,
mo wọ àárọ̀ tí oòrùn rẹ̀ ti wọ̀ kí wọ́n tó bí mi,
mo bá ọkùnrin kan tó ń súfèé lẹ́nu iṣẹ́,
mo sọ iṣẹ́ náà dasán, n kò fọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín.
Bí ẹ̀sín bá ní sùúrù ńkọ́,
tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ikú fi ṣe tirẹ̀ tán?

Tàbí ara mi nìkan ni ọgbẹ́ náà wà,
tí mo ń wá ẹni tí yóò bá mi gbé e.
N kò mọ̀.
Ìyá mi gba àwọn eegun náà, ó kà wọ́n,
ó tún wọn kà, ó ní ọ̀kan kù.
Mo la àtẹ́lẹwọ́ òsì mi.
Ó wà níbẹ̀. Mo ti fún un mọ́wọ́,
ojú rẹ̀ sì ti hàn lára mi.